Àjọṣèwádìí Aráàlú: Orúkọ àti Ààlà Rẹ̀

1.0 Ìfáárà

Ìṣòro méjì ni ó máa ń kojú ẹni tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí. Èkíní ni kí ohun tí ó fẹ́ sọ lórúkọ hàn kedere sí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má ní orúkọ nínú èdè. Èkejì, tí ó le ju èkíní lọ, ni kí àwọn tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ nínú èdè tiwọn má tíì fẹnu kò lórí ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Abẹ́ ìṣòro kejì yìí ni ohun tí elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní citizen science bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford láti ọdún 2014, síbẹ̀ àwọn tí ń lò ó ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ògbufọ̀, tàbí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ń fi Yorùbá kọ́ni, ohun tí ó yá jù ni kí ó tú u lẹ́yọ-lẹ́yọ, kí ó pè é ní sáyẹ́ǹsì ọmọ orílẹ̀-èdè, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà, àti pé kò sí orúkọ tí yóò bá nǹkan náà mu àfi bí a bá kọ́kọ́ pa ààlà sí i. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré àwọn onímọ̀ èdè lásán. Ẹni tí a bá pè ní olùwádìí ni orúkọ rẹ̀ ń wọ inú ìwé. Òun ni ó lè béèrè ohun tí a fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Òun sì ni ó ní ẹnu nínú ìpinnu tí a bá gbé ka orí àbájáde iṣẹ́ náà. Bí ìtumọ̀ bá gbòòrò jù, aláìsàn tí a gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ yóò di olùwádìí lẹ́nu lásán, a ó sì fi orúkọ dídùn bo ìlòkulò mọ́lẹ̀. Bí ó bá sì há jù, àgbẹ̀ tí ó fi ọdún mẹ́wàá wọn òjò ní oko rẹ̀ yóò di ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹni méjèèjì ni a ó ti fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan rẹ́ jẹ.

2.0 Orírun iṣẹ́ náà àti ti orúkọ rẹ̀

Iṣẹ́ náà dàgbà ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1879, James Murray, olóòtú ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí ti Oxford lónìí, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí gbogbo àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ń kà á, pé kí wọ́n bá òun ka ìwé, kí wọ́n máa da gbólóhùn tí wọ́n bá ti rí ọ̀rọ̀ kọ sínú ìwé pélébé, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó dáhùn kì í ṣe onímọ̀ èdè, ṣùgbọ́n orí iṣẹ́ wọn ni a gbé ìwé ńlá náà kà. Nítorí náà, kò yẹ kí onímọ̀ èdè kankan gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí kí ó rò pé àwọn onífísíìsì àti àwọn onímọ̀ ẹranko nìkan ni ó kàn.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1900, Frank Chapman, onímọ̀ nípa ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, dá àṣà tuntun kan sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn ọdẹ a máa jáde ní àkókò Kérésìmesì láti díje ẹni tí yóò pa ẹyẹ jù. Chapman ní kí wọ́n máa ka ẹyẹ dípò kí wọ́n máa yìnbọn fún un. Ènìyàn 27 ni ó jáde ní ibi 25 ní ọdún kìn-ín-ní náà. Kíkà ọ̀hún kò tíì dáwọ́ dúró títí di òní, ó sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ ẹyẹ tí ń pọ̀ sí i àti èyí tí ń dínkù ní ilẹ̀ náà.

Orúkọ ni kò tètè dé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1989, ìwé ìròyìn Technology Review ní Amẹ́ríkà lò ó fún ènìyàn 225 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti máa gbe omi òjò, kí ẹgbẹ́ Audubon lè mọ bí ásíìdì inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ní ọdún 1995, Alan Irwin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan náà ṣe àkọlé ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: ohun tí ó ní lọ́kàn ni sáyẹ́ǹsì tí ó ń dáhùn sí àìní àwọn ènìyàn, tí ó sì ka ìmọ̀ tí wọ́n ti ní láàrin ara wọn kún. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, Rick Bonney ní Yunifásítì Cornell ń lo ọ̀rọ̀ náà fún iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń bá onímọ̀ ṣe nípa kíkó àkíyèsí jọ. Orúkọ kan wá ń jẹ́ nǹkan méjì. Ọ̀kan dá lórí ẹ̀tọ́, èkejì dá lórí iṣẹ́. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ṣẹ̀.

3.0 Ohun tí ó wọlé àti ohun tí kò wọlé

Ọ̀nà tí ó dára jù láti pa ààlà ni kí a gbé àwọn àpẹẹrẹ yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì wo ohun tí ó mú kí ọ̀kan wọlé tí òmíràn fi dúró síta.

3.1 Òjò

Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1997, òjò ńlá kan rọ̀ ní ìlú Fort Collins ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Omíyalé rẹ̀ pa ènìyàn márùn-ún. Òjò náà pọ̀ gidigidi ní apá kan ìlú, ṣùgbọ́n ní apá kejì kò tó nǹkan, àwọn ohun èlò ìwọ̀n-òjò tí ó wà nílẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti fi ìyàtọ̀ yìí hàn ní àsìkò. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn onílé jọ. Olúkúlùkù yóò gbé ike ìwọ̀n-òjò sí àgbàlá rẹ̀, yóò máa kà á ní àràárọ̀, yóò sì máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ náà, tí a gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí CoCoRaHS, ti tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà láti ìgbà náà.

Kókó kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó yẹ kí olùkọ́ fà yọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ó yẹ kí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n kọ òdo sílẹ̀, nítorí pé àìkọ nǹkan kan kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àìrọ̀ òjò. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń rántí òjò ńlá. Ẹni tí ó bá ń kọ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, òun ni ó ti kúrò ní ipò onísọ̀rọ̀ tí ó ti di olùwádìí. Àwọn tí wọ́n bá rántí omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1980 yóò mọ ohun tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti àdúgbò dé àdúgbò, lè jẹ́ fún ìlú tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

3.2 Ẹyẹ

Ní Nàìjíríà, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ tí ó wà ní Jos, A. P. Leventis Ornithological Research Institute, ni ó ń ṣe agbátẹrù iṣẹ́ tí a fi ń mọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọdún 2015 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. A pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò lo wákàtí méjì, ó kéré tán, nínú ọ̀kan nínú wọn. Yóò máa kọ irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ó ti ń rí i tàbí bí ó ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìtòtẹ̀léra, ó sì lè máa fi kún àkọsílẹ̀ náà títí di ọjọ́ márùn-ún. Ìlànà yìí ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé ní Gúúsù Áfíríkà láti ọdún 2007. Ìtòtẹ̀léra náà ní ìwúlò tirẹ̀, nítorí pé ẹyẹ tí a bá tètè ń rí ní ibi kan ni ó ṣeé ṣe kí ó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọdẹ, àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí awakọ̀ tí ó bá mọ ẹyẹ dáadáa lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ọdẹ Yorùbá tí ó lè fi ohùn nìkan mọ àparò yàtọ̀ sí àgbìgbò ní ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò ní. Ohun tí ó kù fún un kò ju ìlànà àkọsílẹ̀ lọ. Èyí fi hàn pé àìlọ sí yunifásítì kọ́ ni ó ń sọni di ará ìta nínú ìwádìí. Bákan náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì tí ó bá ń ka ẹyẹ ní ọjọ́ Sátidé kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nídìí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ipò tí ènìyàn wà nídìí iṣẹ́ kan ni a ń wò, kì í ṣe oyè tí ó ń jẹ́.

3.3 Ìràwọ̀ àti kọ̀ǹpútà

Ní oṣù keje ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gbé àwòrán ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ó tó nǹkan bíi 900,000 sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Galaxy Zoo. Wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ pé kí ó wò wọ́n, kí ó sọ èyí tí ó rí roboto àti èyí tí apá rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Láàrin ọdún náà, Hanny van Arkel, olùkọ́ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Họ́láńdì, rí ohun kan tí ń tàn tí kò bá èyíkéyìí nínú ìpín méjèèjì mu. Kò gbójú fò ó, ó béèrè. Àwọn onímọ̀ kò mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ohun náà títí di òní.

Ó yẹ kí a fi èyí wé SETI@home. Láti oṣù karùn-ún ọdún 1999 títí di oṣù kẹta ọdún 2020, Yunifásítì California ní Berkeley ń pín iṣẹ́ ìṣirò fún kọ̀ǹpútà àwọn tí wọ́n bá yọ̀ǹda tiwọn, láti wá àmì bóyá ẹ̀dá olóye wà ní ibòmíràn ní òfuurufú. Bí olóhun bá ń sùn, ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ka èyí mọ́ ohun tí à ń wí yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá ni ní ọkọ́ kò tíì bá ni roko. Ìtìlẹ́yìn ni ó ṣe, ọpẹ́ sì tọ́ sí i. Kò rí nǹkan kan, kò yan nǹkan kan, kò ronú lórí nǹkan kan nínú ìwádìí náà.

Eré orí kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Foldit, tí ó jáde ní ọdún 2008, fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Níbẹ̀, ọwọ́ àti ojú ènìyàn ni a fi ń ká èròjà purotéènì títí yóò fi rí bí ó ti yẹ kí ó rí. Ní ọdún 2011, àwọn tí ń ta eré náà rí ojútùú sí ìrísí purotéènì kan láti ara kòkòrò àrùn tí ń ṣe ọ̀bọ bí éèdì ti ń ṣe ènìyàn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìrísí yìí ti ń dààmú àwọn onímọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ àwọn atayò náà wọ inú orúkọ àwọn tí ó kọ àpilẹ̀kọ tí ó jáde lórí rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni SETI@home àti Foldit ti wáyé, ṣùgbọ́n olùwádìí wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì.

3.4 Ẹni tí a ń wádìí

Ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè akànìyàn kì í ṣe olùwádìí. Aláìsàn tí a ń dán oògùn tuntun wò lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ fọwọ́ sí i, kì í ṣe olùwádìí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń ròyìn ibi tí ó ń lọ fún ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe olùwádìí. Àwọn wọ̀nyí ni ohun tí ìwádìí ń wò. Bákan náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tún àyẹ̀wò kan ṣe, tí olùkọ́ rẹ̀ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀kọ́ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwádìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ta bá onímọ̀ èdè fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ́nà-ìmọ̀. Àgbàlagbà tí olùwádìí ẹ̀ka-èdè jókòó tì, tí ó ń dáhùn ohun tí a bi í, orísun ìmọ̀ ni. Bí àgbàlagbà kan náà bá mọ ohun tí a ń wá, tí ó lọ káàkiri abúlé, tí ó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí ó ń yà á sọ́tọ̀-sọ́tọ̀, tí ó sì ń sọ pé ibi báyìí kò bá ibi tọ̀hún mu, ó ti kọjá orísun ìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé lórí ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ó fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ojú-ewé ìdúpẹ́, nígbà tí ibi tí ó tọ́ sí i jẹ́ ẹ̀yìn ìwé níbi tí orúkọ òǹkọ̀wé wà. Ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn olóòtú a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ inú ilé tí ó mọ ìdí tí a fi ń jẹ́ orúkọ kan ní ìdílé rẹ̀ ti ṣe ohun tí àwọn òǹkàwé Murray ṣe ní ìgbà tirẹ̀.

4.0 Àáró, ọ̀wẹ̀, àgbàṣe àti ìwọ̀fà

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti gbìyànjú láti to irú iṣẹ́ wọ̀nyí ní ìpele-ìpele. Ní ọdún 2013, Muki Haklay ti University College London pín wọn sí mẹ́rin, láti orí ẹni tí ó kàn yá ìwádìí ní ẹ̀rọ tàbí ojú, títí dé orí àwọn tí wọ́n bá onímọ̀ ṣe iṣẹ́ láti orí ìbéèrè títí dé orí ìtúpalẹ̀. Ìpín náà wúlò. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti pín iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe sí ọ̀nà mẹ́rin kí ìwádìí yìí tó dé, ìpín tirẹ̀ sì fi ohun kan hàn tí ìpele Haklay kò gbé jáde: ta ni ó ni iṣẹ́, kí sì ni ó mú ẹni tí ń ṣe é wá?

Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ní àyípo, lónìí ní oko ẹnìkan, lọ́la ní oko ẹlòmíràn. Olúkúlùkù ni ó ni iṣẹ́. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnìkan ni ó ni oko tí ó sì pe àwọn ènìyàn. Wọ́n wá tìfẹ́tìfẹ́, ó sì bọ́ wọn. Nínú àgbàṣe, owó ni ó mú alágbàṣe wá. Nínú ìwọ̀fà, gbèsè ni. Ẹni náà kò ní agbára láti kọ̀.

Kíka ẹyẹ ti Chapman àti wíwo ìràwọ̀ ti Galaxy Zoo jẹ́ ọ̀wẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ni ìbéèrè ti wá. Àpẹẹrẹ àáró ni ti ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, àwọn aláṣẹ yí orísun omi ìlú náà padà sí odò Flint. Àwọn olùgbé rí i pé omi náà yí àwọ̀ padà, wọ́n figbe ta, ṣùgbọ́n a ní kò sí nǹkan kan. Ní ọdún 2015, wọ́n darapọ̀ mọ́ àwọn onímọ̀ láti Virginia Tech. Àwọn olùgbé gbe omi láti ẹnu ẹ̀rọ ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ìlànà, àwọn onímọ̀ sì ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Òjé tí ó wà nínú rẹ̀ hàn gbangba, ní oṣù kẹwàá ọdún náà ìlú ọ̀hún sì padà sórí omi tí ó ń lò tẹ́lẹ̀. Àwọn olùgbé ni ó ni ìbéèrè. Wọn kò dúró de ẹni tí yóò pè wọ́n sí ọ̀wẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ àti àáró wà nínú ààlà. Àgbàṣe àti ìwọ̀fà wà lóde. Ẹni tí a ń san owó fún lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan tí ó bá yà sọ́tọ̀ ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ jẹ́ ti ìwádìí. Síbẹ̀, owó ọkọ̀ tàbí owó ìpè tí a bá fún oníyọ̀ǹda kò sọ ọ́ di alágbàṣe, nítorí pé oúnjẹ ọ̀wẹ̀ kì í ṣe owó iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ ni ó sì yẹ kí ó ṣọ́ra jù fún ìwọ̀fà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi máàkì dẹ́rù bà kí ó tó lọ ka ẹfọn ní àdúgbò rẹ̀ kò yọ̀ǹda ara rẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni ó ń ṣe fún ẹlòmíràn.

5.0 Ìtumọ̀ tí a dábàá

Láti inú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí, ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pé kí iṣẹ́ kan tó wọ inú ààlà:

(i) Ìbéèrè kan wà tí a kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀, ìlànà kan sì wà tí a fi ń wá a.

(ii) Ẹni tí ìwádìí náà kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni ó fi ojú, etí, ọwọ́ tàbí làákàyè ara rẹ̀ ṣe ó kéré tán apá kan nínú rẹ̀.

(iii) Ó mọ̀ pé ìwádìí ni òun ń ṣe, ó sì ní àǹfààní láti kọ̀.

Àwọn kan yóò ní ìtumọ̀ yìí kò pé, nítorí pé kò sọ nǹkan kan nípa ìmoore. Ìlànà mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ European Citizen Science Association gbé jáde ní ọdún 2015 sọ pé kí a jẹ́ kí àwọn tí ó kópa gbọ́ àbájáde, kí a dárúkọ wọn, kí a sì ṣí àkójọ ìmọ̀ náà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé èyí kò dára. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀tọ̀, ìwà ọ̀tọ̀. Bí a bá fi ìwà rere sínú ìtumọ̀, ẹni tí ó pe ọ̀wẹ̀ tí kò bọ́ àwọn ènìyàn yóò lè sọ pé kì í ṣe ọ̀wẹ̀ ni òun pè, kò sì ní sí ohun tí a ó fi dá a lẹ́bi. Ọ̀wẹ̀ aláìmoore, ọ̀wẹ̀ náà ni. Nítorí pé ó jẹ́ ọ̀wẹ̀ ni a fi lè bá olóko wí. Ìfọwọ́sí nìkan ni ó dúró nínú ìtumọ̀, nítorí pé bí ó bá kúrò, irú iṣẹ́ náà yí padà pátápátá, ó di ìwọ̀fà. Ó ṣe pàtàkì pé nígbà tí ẹgbẹ́ kan náà padà sórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2020, wọn kò fi dandan lé ìtumọ̀ ẹyọ kan. Àwọn àbùdá ni wọ́n tò, wọ́n sì gbà pé ibi tí ààlà wà lè yàtọ̀ láti ẹ̀ka ìmọ̀ kan sí èkejì.

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Òtítọ́ ni pé ènìyàn a máa ṣì í kà. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n náà a máa ṣì í kà, ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn wo àwòrán ìràwọ̀ kan náà, tí àwọn olóòtú sì ń yẹ àkọsílẹ̀ ẹyẹ wò. Ìlànà ni ó ń fi ìgbẹ́kẹ̀lé sínú iṣẹ́. Ìtumọ̀ kọ́ ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn.

6.0 Orúkọ

Bí ààlà ti wà nílẹ̀ báyìí, a lè wo àwọn orúkọ tí ó ṣeé lò:

(a) sáyẹ́ǹsì ọmọ orílẹ̀-èdè
(b) sáyẹ́ǹsì ọ̀gbẹ̀rì
(d) sáyẹ́ǹsì ará ìlú
(e) ìwádìí àjùmọ̀ṣe
(ẹ) àjọṣèwádìí aráàlú

(a) kò dára, nítorí pé ó lé àlejò síta. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó ń da àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì láàmú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè ti jẹ́ ọ̀ràn ìbẹ̀rù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ẹgbẹ́ kan ti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lára orúkọ iṣẹ́ wọn; ẹgbẹ́ tí ó tóbi jù níbẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí sì yí orúkọ ara rẹ̀ padà ní ọdún 2023 nítorí irú ìdí bẹ́ẹ̀. Yorùbá kò ní láti jìyà yìí, nítorí pé ó ti ya ọmọ ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára ará ìlú. Oníṣòwò Hausa tí ó ti gbé Sábó ní Ìbàdàn fún ogójì ọdún lè máà jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn ni. Òjò tí ó bá wọ̀n ní àgbàlá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti onílẹ̀.

(b) ni ó burú jù. Ọ̀gbẹ̀rì ni ẹni tí kò mọ awo. Orúkọ yìí ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ti ẹnu ẹni náà, àpẹẹrẹ ọdẹ tí a mẹ́nu bà lókè sì ti fi hàn pé ẹjọ́ náà kò tọ́. (e) gbòòrò jù, nítorí pé ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà ń ṣe ìwádìí àjùmọ̀ṣe.

(d) súnmọ́ ọ̀nà. Àbùkù rẹ̀ wà nínú gírámà. Nínú àpólà-orúkọ oní-ọ̀rọ̀-orúkọ méjì, Yorùbá kì í fi àmì kankan sọ bóyá ọ̀rọ̀-orúkọ kejì ni olùṣe tàbí ẹni tí a ṣe nǹkan sí. Nínú “ìwádìí ọlọ́pàá”, ọlọ́pàá lè jẹ́ ẹni tí ń wádìí, ó sì lè jẹ́ ẹni tí a ń wádìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni “sáyẹ́ǹsì ará ìlú” lè jẹ́ sáyẹ́ǹsì tí ará ìlú ń ṣe, tàbí sáyẹ́ǹsì nípa ará ìlú. Àpilẹ̀kọ yìí ti fi gbogbo abala 3.4 ya nǹkan méjì wọ̀nyí sọ́tọ̀. Kò yẹ kí orúkọ tún dà wọ́n pọ̀.

(ẹ) yọ nínú ìṣòro yìí. A ṣẹ̀dá rẹ̀ nípa fífi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- mọ́ “jọ ṣe ìwádìí”, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá àjọyọ̀ láti ara “jọ yọ̀” àti àjọjẹ láti ara “jọ jẹ”. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá báyìí ní àbùdá kan: bí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e bá ń tọ́ka sí ènìyàn, àwọn ènìyàn náà ni olùṣe. Nínú “àjọyọ̀ aráàlú”, aráàlú ni ó ń yọ̀. Nínú “àjọjẹ ọmọ ìyá”, àwọn ọmọ ìyá ni ó ń jẹun. Nítorí náà, nínú “àjọṣèwádìí aráàlú”, aráàlú kò lè jẹ́ ẹni tí a ń wádìí rẹ̀. Orúkọ náà sì bímọ wẹ́rẹ́: alájọṣèwádìí ni ẹni tí ó kópa, “wọ́n jọ ṣèwádìí” sì ni gbólóhùn tí a fi ń ròyìn rẹ̀. Jọ tí ó wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí a gbàgbé pé onímọ̀ náà wà níbẹ̀, kò sì jẹ́ kí onímọ̀ gbàgbé pé òun nìkan kọ́.

Ẹnìkan lè ní orúkọ náà gùn. Ó gùn ju mẹ́ta nínú àwọn yòókù lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èdè-ìperí tí ó kúrú tí ó sì ń ṣini lọ́nà kò rọrùn ju èyí tí ó gùn díẹ̀ lọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti yé gbogbo ènìyàn, àjọṣèwádìí nìkan ti tó.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ Ọdún Mẹ́fà tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi hàn pé èdè yìí lè gbé sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1984, fi ọ̀nà tí a fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ hàn fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún sáyẹ́ǹsì má ṣe máa dúró de ìgbà tí èdè mìíràn bá parí àríyànjiyàn rẹ̀. Nígbà mìíràn, èdè tí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ni ó ní àǹfààní láti rí ibi tí èdè àkọ́kọ́ ti kọsẹ̀, kí ó sì gba ibòmíràn kọjá.

Àwọn olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ó wà ní àyíká wọn: òjò inú ọgbà ilé-ìwé, ẹyẹ etí odò, orúkọ ewé tí ó yàtọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Oǹdó. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn ní ìbéèrè mẹ́ta tí ó wà ní abala 5.0. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n bi ara wọn ní ìkẹrin, tí kì í ṣe ti ìtumọ̀ bí kò ṣe ti ìwà: kí ni ẹni tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ yóò mú padà lọ sílé? Àwọn àgbà ti sọ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Àjọṣèwádìí kò yàtọ̀ sí i.